Mo Pe Ọmọ Onísùúrù Ní Ọmọ Iná

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, mo kí yín o. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn níbí, mo sì máa ń dá wọn lẹ́jọ́. Mo máa ń ní, "Háà, ẹ wo ìkà èèyàn!" Ó wá kàn mí lónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka tèmi dópin kí ẹ tó gbé mi ṣépè.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Mo parọ́ mọ́ ìwà ọmọ tí mo tọ́ dàgbà. Irọ́ náà ló yà á kúrò lọ́nà iṣẹ́ tó wù ú. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé ọmọ náà gba irọ́ náà gbọ́, ó sì ń hu ìwà náà títí di òní.

Mo ti rò pé n ó gbé e wọ sàréè ni. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì kan ń bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wa lọ́jọ́ Jímọ̀, ọ̀rọ̀ tó sì fẹ́ bi mí, èmi nìkan ni mo mọ ohun tó wà nídìí rẹ̀. Láti Àlàmísì tó kọjá, bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, mo máa ń rò pé òun ló dé.

Ìlọrin ni mò ń gbé. Télọ̀ ni mí, Táíwò Róòdù ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ẹ foríjì mí bí ọ̀rọ̀ mi bá ń fò síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ilé kéú ni wọ́n fi mí sí ní kékeré, n kò lọ iléèwé. Ọmọ tí mò ń wí yìí ló kọ́ mi ní ábídí nígbà tí mo ti dàgbà tán. Ìyẹn náà wà lára ohun tó ń pa mí lẹ́kún.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá mi. Àfáà ni wọ́n, kí Ọlọ́run kẹ́ wọn. Nílùú wa, bí ọmọ bá tó ẹni tí wọ́n máa fi sẹ́nu iṣẹ́, àwọn òbí rẹ̀ á mú un tọ àfáà lọ pé kó bá àwọn wo ìràwọ̀ rẹ̀. Bàbá mi á béèrè orúkọ ọmọ àti orúkọ ìyá rẹ̀. Wọn á ṣírò rẹ̀ sórí wàláà, wọn á wá sọ èyí tí ọmọ náà jẹ́ nínú mẹ́rin: ọmọ iná, ọmọ omi, ọmọ ilẹ̀, tàbí ọmọ atẹ́gùn.

Ọmọ iná, ẹnu rẹ̀ yá, ọwọ́ rẹ̀ yá, ara rẹ̀ kò gba ìjáfara, ó sì fẹ́ràn kó máa pàṣẹ. Ẹ fi í sọ́jà. Ọmọ omi ní sùúrù, ara a máa tu aláìsàn àti ọmọ ọwọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ á ṣàgbẹ̀, á mọ nǹkan tọ́jú. Ọmọ atẹ́gùn ní tirẹ̀, ẹ fún un lẹ́rù kó máa tà á láti ìlú dé ìlú, ẹ má wulẹ̀ so ó mọ́lẹ̀. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo máa ń jókòó sí tí mo bá ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n lórí bí mo ṣe mọ Fàtíhà.

Bàbá mi wá ní òfin kan. Wọn kì í ṣírò fún ọmọ tí kò bá sí níbẹ̀. Bí òbí bá ní ọmọ ṣì wà lóko, wọn á ní kó lọ mú un wá kí àwọn fojú rí i. Wọ́n á ní, "Kì í ṣe ìṣírò ló ń ṣi èèyàn lọ́nà. Ẹni tó ń rojọ́ ọmọ lẹ́yìn ọmọ ni." Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí i nígbà yẹn, mo rò pé ọ̀rọ̀ àgbà lásán ni.

Èmi fúnra mi, ọmọ iná ni wọ́n ní mo jẹ́. Òótọ́ sì ni. Ẹ bi àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi.

Awáwù ni orúkọ ọmọ tí mò ń sọ. Awáwù pọ̀ nílùú wa bí eèrà, ẹ ò lè mọ èyí tó jẹ́. Ọmọ àbúrò mi ọkùnrin ni, àgbẹ̀ ni àbúrò mi yìí ní Òkè-Oyì. Ọkọ mi ti kú, Ọlọ́run kò sì fún mi ní ọmọ kankan. Nígbà tí eyín iwájú ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà ni bàbá rẹ̀ mú un wá, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ yín rèé." Láti ọjọ́ náà ni Awáwù ti ń pè mí ní Ìyá.

Mo fi í sí iléèwé. Tó bá ti dé lọ́sàn-án, á wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, á máa bá mi ṣẹ́tí aṣọ. Sùúrù ọmọ náà, Wàlláhì, ó máa ń bí mi nínú ni! Bí òwú bá lọ́ mọ́ra, èmi á já a dànù. Awáwù á jókòó tì í, á tú u títí á fi tú.

Bó ṣe kọ́ mi nìwé náà nìyẹn. Ó gbé ìwé ọmọ kékeré síwájú mi, mo kà á tì, inú bí mi, mo gbá ìwé náà sílẹ̀. Ó mú un, ó nu erùpẹ̀ rẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká tún un pè." Kò fi mí rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan rí. Bí ibà bá sì dá mi wólẹ̀, òun náà ló ń fi aṣọ tútù nù mí lára. Gbogbo agboolé ló máa ń gbé ọmọ tó bá ń yọ wọ́n lẹ́nu wá fún un. Ọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì nìkan ló wà lẹ́nu rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ó ní òun ni òun máa máa tọ́jú mi tí mo bá darúgbó.

Ọdún tí wọ́n ní kí ọkọ̀ máa gba ọwọ́ ọ̀tún, tí gbogbo wa ń bẹ̀rù láti sọdá títì, ọdún náà ló kù díẹ̀ kí Awáwù jáde ìwé. Tíṣà kan wà níléèwé wọn, ará Ọ̀mù-Àrán, onígbàgbọ́ ni, èèyàn jẹ́jẹ́. Wọ́n ti rán an lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ irú iṣẹ́ tó bá ìwà ọmọ kọ̀ọ̀kan mu. Ó máa ń bi àwọn ọmọ ní ìbéèrè. Lẹ́yìn náà, á ránṣẹ́ pe àwọn òbí wọn, kó lè mọ̀ bóyá bí ọmọ ṣe wí náà ló rí nílé. Òun ló máa ń sọ ọmọ tó yẹ fún àwọn tó ń gbani sẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́.

Ó ránṣẹ́ pè mí. Mo ró àtàm̀pà mi tó dáa, mo lọ. Tíṣà gbé àga fún mi, ó kí mi dáadáa, ó wá ní, "Ìyá, ẹ̀yin lẹ mọ ọmọ yín jù." Ó ṣàlàyé pé oríṣi èèyàn mẹ́rin ló wà. Ó ní ọ̀kan wà tí inú rẹ̀ yá bíi ti iná. Ó ní ọ̀kan wà tó rọ̀, tó lè dúró ti èèyàn. Ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí. Ohun tí bàbá mi ń sọ lórí awọ àgbò ni tíṣà yìí ń sọ lórí àga! Òyìnbó kàn wọ̀ ọ́ láṣọ mìíràn ni. Kó tó béèrè ọ̀rọ̀ tán, mo ti mọ ibi tí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan máa gbé ọmọ gbà.

Ó wá ní, "Ohun tí Awáwù fẹnu ara rẹ̀ sọ fi hàn pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì á bá a mu gan-an. Bí ẹ̀yin náà bá ti jẹ́rìí sí i, màá fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí iléèwé nọ́ọ̀sì ní Kàdúná."

Kàdúná! Ẹ̀rù bà mí. N kò fẹ́ purọ́ fún yín, ìkà kọ́ ló kọ́kọ́ wọ inú mi, ẹ̀rù ni. Mo rí ara mi lórí ẹní, tí ibà ń gbọ̀n mí, tí kò sẹ́ni tó máa bu omi fún mi. Mo rò ó pé àwọn ọmọ tó bá lọ sí Kàdúná, ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ́kọ sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ bímọ, ẹ má yára bú mi. Ẹ ò mọ bí ilé ṣe ń rí nígbà tí kò bá sí ohùn ẹnì kankan nínú rẹ̀.

Tíṣà ní tí wọ́n bá mú Awáwù bínú, kí ló máa ń ṣe? Mo ní, "Hẹ̀n-ẹ́n! Ẹ má dá a lábàá, Tíṣà. Onínúfùfù ni." Ó ní tí ẹnìkan bá ń falẹ̀ níwájú rẹ̀ ńkọ́? Mo ní á já nǹkan náà gbà ni. Ojú tíṣà rẹ̀wẹ̀sì díẹ̀. Ó ní, "Ṣé ó lè dúró ti ẹni tí ara ń ro?"

Mo wá sọ ti ọmọ ará ilé wa tí epo àkàrà dà sí lára. Mo ní, "Bí Awáwù ṣe rí i pé ara ọmọ náà bó, eré ló sá jáde." Ó sáré lóòótọ́. Dípẹ́ńsárì ló sáré lọ láìwọ bàtà, ó sì fa ẹni tó ń di egbò lọ́wọ́ wá sílé. Ìparí yẹn ni mo gé kúrò, bí mo ṣe ń gé etí aṣọ. Títí dòní, tí ọkàn mi bá ní mo parọ́, apá kan nínú mi á tún dáhùn pé, ṣebí ó sáré?

Nígbà tí mo délé ni mo tó ronú sí i. Gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ fún tíṣà, ìwà tèmi ni. Èmi ni mò ń já òwú. Èmi ni mò ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó ń falẹ̀. Mo bọ́ ìwà ara mi, mo sì gbé e wọ ọmọ ọlọ́mọ.

Kí n tó kúrò níléèwé lọ́jọ́ náà, tíṣà pe Awáwù wọlé. Ó fi pẹ̀lẹ́tù bá a sọ̀rọ̀. Ó ní kì í ṣe àbùkù, Ọlọ́run ló dá oníkálukú bó ṣe wù Ú, ṣùgbọ́n aláìsàn á jìyà lọ́wọ́ onínúfùfù. Ó ní òwò ló bá a mu, pé ọ̀gá ló máa dà. Awáwù wò mí. Mo gbójú sí ojú fèrèsé, mò ń wo àwọn ọmọ tó ń gbálẹ̀.

A rìn bọ̀ títí a fi dé iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó wá ní, "Ìyá, ṣé lóòótọ́ ni pé onínúfùfù ni mí?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èsì tí mo fún un. Mo ní, "Ọmọ iná ni ọ́. Onínúfùfù kì í mọ ara rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi tì í mọ́lé. Tó bá ní òun kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àmì pé bẹ́ẹ̀ ló rí nìyẹn. Tó bá dákẹ́, ó ti gbà. Ó dákẹ́.

Ó di télọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ lórí iṣẹ́, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ó ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ pé, "Ọmọ iná ni mí o, ẹ má dán mi wò!" Àwọn á rẹ́rìn-ín, èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà n ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, n ó máa fi àsìtàgàfúrúlàì tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ọjọ́ tí ibà tún dá mi dùbúlẹ̀, ọmọ iṣẹ́ ló rán wọlé sí mi pẹ̀lú aṣọ àti omi. Òun dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Awáwù, ìwọ ńkọ́?" Ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú, iná wà lọ́wọ́ mi."

Ohun tí mò ń sá fún gan-an ló bá mi nínú ilé ara mi. Ọmọ ò lọ Kàdúná, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn mí.

Ó lọ́kọ, awakọ̀ kan ní Ọ̀fà Gáréèjì. Ọlọ́run fún wọn ní ọmọkùnrin. Ẹ̀yin èèyàn, Awáwù kò wẹ ọmọ náà rí. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń wẹ̀ ẹ́. Wọ́n bi í pé kí ló dé, ó ní kí inú má baà bí òun kí òun ṣe ọmọ léṣe. Inú wo? Inú ta ní ń bí? Ọmọ náà ti ń sáré káàkiri báyìí. Tó bá ṣubú, yóò gba ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ kọjá lọ bá ìyá bàbá rẹ̀. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi, Awáwù náà rí i, ó kàn tẹrí ba sídìí máṣíìnì rẹ̀ ni.

Mo ti gbìyànjú láti sọ. Nínú ààwẹ̀ èṣí, nígbà tí a ṣínu tán, mo lanu. Ó ní, "Ìyá, kí lẹ fẹ́?" Mo ní kó bá mi bu omi.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ ní Àláàrùbá ọ̀sẹ̀ tó kọjá nìyí. Ọmọ iṣẹ́ wa kan fi ìka sábẹ́ abẹ́rẹ́ máṣíìnì. Abẹ́rẹ́ wọlé, ó yọ sí òdì kejì. Àwọn ọmọ figbe ta. Èmi náà, kàkà kí n ṣe nǹkan, mo ń pariwo pé ṣé ojú rẹ̀ fọ́ ni. Awáwù jáde láti ẹ̀yìn. Kò pariwo. Ó gbá orí ọmọ náà mọ́ àyà, ó ní, "Má wò ó. Ojú mi ni kó o máa wò." Ó fọwọ́ yí àgbá kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì náà sókè, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́, ó ń bá a sọ̀rọ̀ títí abẹ́rẹ́ fi kúrò. Ó di ìka náà, ó sì gbé ọmọ náà lọ sí ọsibítù. Awáwù ti ṣe gbogbo rẹ̀ tán kó tó rántí pé òun ń bẹ̀rù ọwọ́ ara òun.

Ọjọ́ kejì, Àlàmísì, nọ́ọ̀sì àgbà kan láti ọsibítù náà wá ṣọ́ọ̀bù. Ó ní òun wá wo ẹni tó di ìka náà. Ó ní Ìlọrin níbí ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn obìnrin ní iṣẹ́ náà báyìí, kò sí pé èèyàn ń fi ilé sílẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí Awáwù ti ń lọ, tí èyí bá ré e kọjá, wọn ò ní gbà á mọ́. Ó ní, "Irú ẹ là ń wá."

Awáwù rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ ò mọ̀ mí ni, mà. Tíṣà ti yẹ̀ mí wò nígbà kan. Ìwà mi ò gbà á. Ẹ bi Ìyá mi, àwọn ló mọ̀ mí."

Nọ́ọ̀sì kọjú sí mi. "Ìyá, báwo lọmọ yín ṣe rí?"

Ìbéèrè yẹn kan náà! Sísọ́ọ̀sì wà lọ́wọ́ mi, aṣọ oníbàárà wà lórí tábìlì. Awáwù ń wò mí. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n rò ó." Nọ́ọ̀sì ní, "Ìyá, ìwà ọmọ tí ẹ tọ́ lẹ fẹ́ lọ rò?" Ó ní òun á padà wá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ yìí, torí ọjọ́ náà ni wọ́n máa fi orúkọ sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ibi tí mo há sí. Tí mo bá sọ òótọ́, Awáwù á béèrè pé, kí lẹ wá sọ fún tíṣà? Kì í ṣe òmùgọ̀. Á rántí ohun gbogbo, á rántí ọmọ tí kò wẹ̀ rí. Mo lè pàdánù rẹ̀ pátápátá. Tí mo bá ní ọmọ iná ni, mo tún pa á lẹ́ẹ̀kejì. Tí mo bá sì dákẹ́, ìdákẹ́ mi ti jẹ́rìí.

Mo jókòó láti bi yín pé kí ni kí n ṣe. Àárín ọ̀rọ̀ ni mo wà tí mo fi rí i pé ẹ̀rù ló tún ń ti ọwọ́ mi. Kí ẹ tó tẹ èyí sójú ìwé, kí ẹ tó dá mi lóhùn, Jímọ̀ á ti kọjá. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kó kọjá ni.

Láti ìgbà tí Awáwù ti kọ́ mi nìwé, kò sí lẹ́tà tí mo kọ tí kì í kọ́kọ́ kà. Orí máṣíìnì rẹ̀ ni mo máa ń fi í sí. Á tún ibi tí mo bá ṣì ṣe, á sì fi í ránṣẹ́. Ibẹ̀ ni mo máa fi èyí náà sí ní kété tí mo bá parí, kí n tó rí ààyè rò ó dà. Ilé ará àdúgbò wa kan ni n ó lọ jókòó sí, torí n kò ní lè wo ojú rẹ̀. Tó bá ya á, ẹ ò ní gbọ́ nípa mi láé, ó sì tọ́ sí mi. Tí ẹ bá ń kà á, a jẹ́ pé òun ló fi í ránṣẹ́ sí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. N ò ní kó gbàgbé o. Kó ṣáà jẹ́ kí n máa gbọ́ ohùn rẹ̀.

Awáwù, bàbá mi ní àwọn kì í ṣírò fún ọmọ tí kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ ni mo ti rojọ́ rẹ. Níṣojú rẹ ni mo wá ń tún un sọ báyìí: dípẹ́ńsárì lo sáré lọ. Tí nọ́ọ̀sì bá dé, má dúró de ẹnu mi, dá a lóhùn fúnra rẹ. Ṣùgbọ́n kó o tó ṣe èyíkéyìí, lọ gba ọmọ rẹ lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ, kó o wẹ̀ ẹ́. Kò fìgbà kan sí iná lọ́wọ́ rẹ.